Ọjọ́ Òkèbàdàn àti Òfin Ọ̀rọ̀ Àlùfàǹṣá

Bí ọkọ̀ tí ó ń ti Ìbàdàn bọ̀ bá ti kọjá odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjírè, kì í pẹ́ kí èrò inú rẹ̀ tó rí àwọn tí ń kiri dòdò Ìkirè lẹ́bàá títì. Ẹni tí ó bá yà kúrò lójú títì ńlá níbẹ̀ lè bọ́ sí Àpòmù, ìlú ọjà láti ayébáyé. Ọjà Àpòmù yìí kan náà ni ìtàn sọ pé ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ lórí ataare tí iye rẹ̀ kò tó nǹkan, ìjà tí ó di ogun tí ó tú Òwu ká ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ àwọn ará àgbègbè náà pé ọ̀rọ̀ ẹnu lè fa ogun.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bẹ lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹta, tí Ìbàdàn tí ó múlé gbè wọ́n máa ń tú ẹnu sílẹ̀. Ọjọ́ Òkèbàdàn ni. Iná kì í jó nínú ààrò lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kọ tútù ni jíjẹ. Ọjà kì í ná. Tọmọdé tàgbà a máa kọrin kiri ìgboro, orin náà kì í sì í ṣe èyí tí a lè tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Wọn a máa dárúkọ ohun tí ọmọ Yorùbá kì í dárúkọ ní gbangba: ojú ara ọkùnrin, ojú ara obìnrin, àti ohun tí ọ̀kan ń fi èkejì ṣe. Ọmọdé a kọ ọ́ sí bàbá àgbà létí, bàbá àgbà a sì rẹ́rìn-ín. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ẹni tí ó bá tún kọ ọ́ lójú àgbà, àbíìkọ́ ni.

Ká ní ọ̀dọ́langba kan gbéra láti Ìkirè lọ́jọ́ náà, tí ó lọ bá àwọn ìbátan rẹ̀ ṣọdún ní Ìbàdàn. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó gba orin, ó gba ìran. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ó wọkọ̀ padà sílé, ó sì fi ohun tí ó gbà ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Àpòmù. Ó dé etí ìyá ọ̀kan nínú wọn. Inú bí ìyá náà, ọ̀rọ̀ di ti ọlọ́pàá. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọmọ yìí ṣẹ̀? Láti ọdún 2015 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ohun tí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ní nílẹ̀ dè é ni ẹ̀wọ̀n tí ó lè tó ọdún 3, tàbí owó ìtanràn tí ó lè tó mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí méjèèjì pa pọ̀.

Òfin náà ni èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 láti fi gbógun ti ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára. Abala 24 rẹ̀ sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀rọ fi ohun tí ó múni bínú rékọjá ààlà ránṣẹ́, tàbí ohun tí ó jẹ́ àwòrán ìṣekúṣe, tàbí èyí tí kò bójú mu, tàbí ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá, tàbí èyí tí ó ń kó jìnnìjìnnì báni. Ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí a ó fi mọ èyí tí ó bójú mu yàtọ̀ sí èyí tí kò bójú mu. Kò sọ ojú ta ni. Kò bèèrè ọjọ́ wo, kò bèèrè ibo.

Agbẹjọ́rò kan, Solomon Okedara, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀. Ó pe Agbẹjọ́rò Àgbà fún Ìjọba Àpapọ̀ lẹ́jọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Èkó. Àlàyé rẹ̀ kò ṣòro láti gbọ́. Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 36, sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni fún ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin kò túmọ̀ rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Abala 39 sì fún olúkúlùkù ní òmìnira láti ní èrò tirẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ jáde. Bí òfin bá wá ń sọ pé kí a má ṣe sọ ohun tí kò bójú mu, láìsọ ohun tí ó jẹ́, àpò tí kò nídìí ni, ohun tí ó bá wu ọlọ́pàá ni yóò máa jù sínú rẹ̀. Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga náà da ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nù. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2019, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Èkó fọwọ́ sí ìdájọ́ náà. Wọ́n ní àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú òfin náà yé ni yékéyéké, wọ́n sì ní abala 45 ìwé òfin ilẹ̀ gba ìjọba láyè láti fi ààlà sí òmìnira ọ̀rọ̀ nítorí ìwà rere àti àlàáfíà ìlú.

Apá kejì ìdájọ́ yẹn, kò sí àgbà Yorùbá tí yóò jiyàn rẹ̀. Kò sí ìlú tí ẹnu kì í ní ìlẹ̀kùn. Apá kìn-ín-ní ni ó yẹ kí a dúró tì. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá yé ni yékéyéké bí?

Ẹ jẹ́ kí a mú orúkọ ẹ̀yà ara kan ṣoṣo, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ tí wọn kì í pè. Lẹ́nu ìyá àgbà tí ó ń gbẹ̀bí, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ni. Lẹ́nu babaláwo tí ó ń sọ ìtàn Ifá, ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ni. Ìtàn Ifá tí ó pè é kò mọ níwọ̀n, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ Ifá tí ó lè fò ó kọjá nítorí ìtìjú. Lẹ́nu àgbàlagbà tí ó ń parí ìjà lágbo ilé, ó lè wà nínú òwe. Àgbà mìíràn a kọ́kọ́ tọrọ gáfárà, bí ẹni tí ó kéré sí i nínú àwùjọ yóò ti ṣe “tótó, ó ṣe bí òwe” kí ó tó pòwe. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí níbẹ̀ ni pé gáfárà náà kò yí ọ̀rọ̀ náà padà rárá, lẹ́tà kan kò yẹ̀ lára rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà dúró sí ni ó yí padà. Ṣùgbọ́n kí ọ̀mùtí kan pe orúkọ yìí kan náà níwájú àna rẹ̀, ó di èébú tí ó lè tú ìgbéyàwó ká. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni o. Bí adájọ́ bá wá sọ pé òun mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ láìbèèrè ẹni tí ó sọ ọ́, ẹni tí ó sọ ọ́ fún àti ìgbà tí ó sọ ọ́, yóò jẹ́ pé ìwé atúmọ̀ èdè ni ó kà, kò tíì gbọ́ ẹjọ́.

Orin Òkèbàdàn pàápàá ní ìdí. Ìtàn tí àwọn àgbà Ìbàdàn ń sọ ni pé ní ayé Lágelú, wọ́n ṣí aṣọ lórí eégún láàárín ọjà, àwọn obìnrin àti ọmọdé rí ohun tí kò yẹ kí wọ́n rí, ọ̀rọ̀ náà sì di ogun tí ó pa ìlú náà run. Àwọn tí ó ṣẹ́kù sá lọ sórí òkè, èso òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí iná kì í fi í jó lọ́jọ́ ọdún náà. Òkè tí ó fi wọ́n pamọ́ di òrìṣà, Abòkè ni ó ń bọ ọ́. Òrìṣà ọmọ ni, ọmú ńlá ni wọ́n sì fi ń kì í. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń fi orin pe ohun tí a fi ń bímọ, ẹ̀bẹ̀ ọmọ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ronú sí i yóò rí i pé ìlú tí ó parun nítorí pé a ṣí ohun ìpamọ́ sílẹ̀ ni ó tún wá ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí òun yóò máa fi ẹnu ara rẹ̀ ṣí ohun ìpamọ́. Wọ́n mọ ewu tí ó wà níbẹ̀ ni wọ́n ṣe dè é mọ́ ọjọ́ kan.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ìhà Kétu àti Yewa, níbi tí òru Ẹ̀fẹ̀ ti máa ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹléfẹ̀ a máa tú àṣírí olè, a máa fi alágbèrè ṣe yẹ̀yẹ́, kì í sì í yọ ìjòyè sílẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ lọ́sàn-án, yóò kọ ọ́ lórin lóru. Síbẹ̀ kò lè la ẹnu rẹ̀ kí ó tó júbà àwọn ìyá. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ìṣúra àjogúnbá ọmọ aráyé, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ìjọba tí ó jẹ́ kí ayé gbà á bẹ́ẹ̀ kan náà ni ó ṣe òfin tí ó lè fi ẹni tí ó bá fi orin Ẹ̀fẹ̀ ránṣẹ́ sẹ́wọ̀n.

Kò yẹ kí a tan ara wa jẹ, ṣá. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Òkèbàdàn ni ẹ̀bẹ̀ ọmọ. Obìnrin tí ó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ a máa gba tirẹ̀ nínú orin náà, yálà ó fẹ́ tàbí kò fẹ́, àwọn ọmọ ìta mìíràn kò sì mọ ibi tí orin parí sí tí ìfìtínà bẹ̀rẹ̀. Abala 21 ìwé òfin ilẹ̀ sọ pé kí ìjọba dáàbò bo àṣà tí ó ń gbé iyì ọmọ ènìyàn ga. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí òfin dáàbò bo Òkèbàdàn gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tí iyì obìnrin tí ń kọjá lọ yẹn wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè líle ni, kò sì yẹ kí àwọn tí ń pariwo àṣà, àṣà, máa sá fún un.

Ibo ni àwọn ọ̀rọ̀ inú abala 24 yẹn tilẹ̀ ti wá? Wọn kò hù nílẹ̀ yìí. Òfin ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1935 ni wọ́n ti kọ́kọ́ jáde, ní ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń so ìpè tẹlifóònù pọ̀ ń gbọ́ èébú àti ìsọkúsọ lẹ́nu àwọn tí ń pè. Wọ́n fẹ́ dáàbò bo òṣìṣẹ́ tí kò lè fi etí rẹ̀ sílẹ̀ nílé kí ó tó wá síbi iṣẹ́. Ìyẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n 80 ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ẹ̀wù tí a dá fún òṣìṣẹ́ tẹlifóònù ìlú òyìnbó, wọ́n gbé e wọ gbogbo ẹni tí ó ní fóònù lọ́wọ́ ní Nàìjíríà.

Ohun tí ó yani lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé òfin àtijọ́ tí ó wà nílẹ̀ gbọ́n ju ti tuntun lọ. Ní ọdún 1868, Adájọ́ Àgbà Cockburn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìlànà kan lélẹ̀ nínú ẹjọ́ Hicklin: ìwé tí ó bá lè ba ọkàn ẹni tí ó rọrùn láti bàjẹ́ jẹ́, ìwé àlùfàǹṣá ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọmọdé ni wọ́n fi ń díwọ̀n ohun tí àgbà yóò kà. Wọ́n lo ìlànà yìí fún nǹkan bí 90 ọdún, kí wọ́n tó ṣe òfin tuntun ní 1959, tí ó ní kí wọ́n máa wo odindi iṣẹ́, kí wọ́n sì wo ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ó kà á. Ọdún kejì ni wọ́n fi òfin náà dán ìwé D. H. Lawrence, Lady Chatterley's Lover, wò ní Lọ́ńdọ̀nù. Agbẹjọ́rò ìjọba bi àwọn ìgbìmọ̀ ẹjọ́ bóyá wọn yóò fẹ́ kí ìyàwó wọn tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ wọn ka ìwé náà. Wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Penguin láre ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 1960. Ní 1961, Nàìjíríà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ tirẹ̀. Ó wà nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn ìjọba àpapọ̀ títí di òní, ní abala 233. Ó ní kí wọ́n wo iṣẹ́ náà lódindi, kí wọ́n wo àwọn tí ó ṣeé ṣe kí ó dé etí tàbí ojú wọn, kí wọ́n sì wo gbogbo bí ọ̀ràn náà ti rí. Ó tún gba ẹni tí wọ́n fi sùn láyè láti fi hàn pé ìmọ̀, lítíréṣọ̀ tàbí iṣẹ́ ọnà ni ohun tí òun ṣe wà fún.

Gbogbo bí ọ̀ràn náà ti rí: ohun tí àgbà Yorùbá máa ń kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn. Òfin 1961 fi àlàfo náà sílẹ̀ fún àṣà láti wọlé jẹ́rìí. Òfin 2015 dí àlàfo náà, ilé ẹjọ́ Èkó sì fi àmọ̀ rẹ́ ẹ.

Irú ọ̀ràn yìí ti dé iwájú àwọn adájọ́ níbòmíràn. Perumal Murugan, òǹkọ̀wé èdè Tamil ní ilẹ̀ Íńdíà, kọ ìtàn àròsọ kan nípa tọkọtaya tí kò rí ọmọ bí, àti ọdún òrìṣà kan ní ìlú Tiruchengode, tí àṣà inú ìtàn náà gba obìnrin tí ó ń wá ọmọ láyè láti bá ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀ sùn ní òru ọdún náà. Inú bí àwọn ará ìlú náà, wọ́n ní ó ba àwọn lórúkọ jẹ́, wọ́n ní ìwé rẹ̀ rùn. Wọ́n dààmú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kéde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015 pé Murugan òǹkọ̀wé ti kú. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 2016, Ilé Ẹjọ́ Gíga Madras dá a láre, wọ́n ní ẹni tí kò bá fẹ́ ìwé náà lè pa á dé, wọ́n sì ní kí òǹkọ̀wé náà jí dìde padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Òrìṣà ọmọ, ọdún, òru kan ṣoṣo: ọmọ Ìbàdàn tí ó bá ka ìtàn yẹn kò ní ṣe bí àlejò nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Kẹ́ńyà fagi lé abala 29 òfin ìbánisọ̀rọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ àti ti Nàìjíríà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, láti ara òfin Gẹ̀ẹ́sì. Adájọ́ tí ó gbọ́ ẹjọ́ Kẹ́ńyà sọ pé ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ jù, kò sì ṣe pàtó. Ìwé òfin kan náà ni àwọn adájọ́ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kà. Ọ̀kan ní ó yé òun, èkejì ní kò lè yé ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2020, Ilé Ẹjọ́ Àjọ ECOWAS gbè sẹ́yìn ti Kẹ́ńyà. Ó ní abala 24 tako òmìnira ọ̀rọ̀ tí Nàìjíríà fọwọ́ sí nínú àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n pa á rẹ́ tàbí kí wọ́n tún un ṣe. Ní ọdún 2022, ó tún irú rẹ̀ sọ nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ SERAP pè. Ìgbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni àwọn aṣòfin tó tún un ṣe. Wọ́n yọ ohun tí ń múni bínú, wọ́n yọ àlùfàǹṣá, wọ́n yọ ohun tí kò bójú mu. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ nípa ìṣekúṣe sílẹ̀, àti irọ́ tí a mọ̀ọ́mọ̀ pa láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí sínú ewu.

Ǹjẹ́ ọmọ Ìkirè tí a fi ṣe àpẹẹrẹ ti bọ́ nínú ewu báyìí? Ó bọ́ díẹ̀. Orin tí ó gbà lè má jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lábẹ́ òfin ẹ̀rọ ayélujára. Ìran tí ó gbà, bí ẹnìkan bá jó ijó ìhòòhò nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tún di ti ìtumọ̀. Òfin Ìwà Ọ̀daràn sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ìṣòro tí ó le jù kò tilẹ̀ sí lọ́wọ́ aṣòfin. Ọgbà tí àwọn baba ńlá fi yí ọ̀rọ̀ yìí ká ni ọjọ́ kan, ìgboro kan, àti àwọn ènìyàn tí wọ́n mọ ohun tí ó ń lọ. Fóònù fo gbogbo ọgbà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orin tí ó yẹ kí ó kú ní alẹ́ ọjọ́ Òkèbàdàn wà láàyè ní oṣù kẹjọ, ọmọ ọdún mẹ́jọ sì lè ṣí i ní Àpòmù níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò sọ fún un pé òrìṣà ọmọ ni wọ́n ń bẹ̀. Ìyá tí ó lọ bá ọlọ́pàá kò ya wèrè. Ohun tí ó gbọ́ kì í ṣe Òkèbàdàn mọ́, ìsọkúsọ ni, nítorí pé ohun tí ó sọ ọ́ di Òkèbàdàn ti bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà Aṣéjírè. Ọmọ náà kò sì ṣe ọ̀daràn. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un rí pé orin náà kì í wọkọ̀ kúrò ní Ìbàdàn.

Iṣẹ́ àwọn àgbà ni láti sọ bẹ́ẹ̀ fún un, iṣẹ́ àwọn olùkọ́ sì ni láti kọ́ ọ ní ilé ìwé, kì í ṣe kí wọ́n máa fi Òkèbàdàn pamọ́ bí ẹni pé ìtìjú ni. Ní ti àwọn adájọ́, òfin ẹ̀rí ilẹ̀ yìí ti gbà tipẹ́ pé a lè pe ẹlẹ́rìí wá sọ bí àṣà ti rí, níwọ̀n ìgbà tí àṣà náà kò bá ti lòdì sí ẹ̀tọ́ àti ẹ̀rí ọkàn rere. Bí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ bá wá dé iwájú adájọ́ kan ní Ìkirè lọ́la, kí ó tó pe onímọ̀ ẹ̀rọ tí yóò tú inú fóònù ọmọ náà wò, Abòkè ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè.